Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn tálákà inú wọ́kháòsì?

Ẹ kú ìjókòó o. Tí wọ́n bá ti ní wọ́kháòsì, ilé tí wọ́n ń kó tálákà sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria, ẹ̀wọ̀n ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa, àmọ́ lójú òfin kì í ṣe ẹ̀wọ̀n rárá. Òfin 1834 tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọn tálákà ò sọ pé kí wọ́n ti àgbàlagbà mọ́bẹ̀. Ìlànà àkọ́kọ́ ní tó o bá ti fún másítà, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó ilé náà, ní nótíìsì wákàtí 3, kó o máa lọ. Nígbà tó di 1847 wọ́n yí i sí nótíìsì tó bójú mu, ta ló wá ń pinnu èyí tó bójú mu? Másítà náà ni.

Kí ló wá ń dá wọn dúró? Aṣọ ni. Ọjọ́ téèyàn bá wọlé ni wọ́n á ti bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í, wọ́n á so orúkọ mọ́ ọn, ó di inú sítọ̀, wọ́n á wá fún un ní yunifọ́ọ̀mù. Yunifọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe tiẹ̀, tó bá wọ̀ ọ́ jáde ní géètì láìgbàṣẹ, adájọ́ lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ síbẹ̀. Lójú tèmi o, ìdì aṣọ yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà.

Ti bàbá tó níyàwó tún burú jáì. Yàrá ọkọ lọ́tọ̀, tìyàwó lọ́tọ̀, tọmọ lọ́tọ̀, àmọ́ tí bàbá bá ní òun fẹ́ jáde lọ wáṣẹ́, tìyàwó tọmọ ló gbọ́dọ̀ kó dání nínú òtútù yẹn, tíṣẹ́ ò bá sì sí, gbogbo wọn á tún padà wá dúró lẹ́nu géètì lálẹ́. Inú àwọn aláṣẹ ò dùn sí wọlé-jáde yìí, ni wọ́n bá ṣòfin 1871: wákàtí 24 ni wọ́n lè dá ẹ dúró, tó o bá ti jáde rí láàárín oṣù kan ó di 48, tó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù méjì ó di 72. Ní 1899 wọ́n gbé e dé 168 fún àwọn tó ń ṣe é lemọ́lemọ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko!

Ẹni tó kàn fẹ́ sun oorun mọ́jú náà ò bọ́ ńbẹ̀. Òfin 1882 ní tó o bá wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó di aago 9 àárọ̀ Ọjọ́rú kó o tó jáde, wàá ti fọ́ òkúta tàbí kó o fi ìka tú okùn ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó. Aago 9 kọ́ ni wọ́n ń gba lébìrà, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n ti ń gbà wọ́n.

Àwọn aláìsàn ńkọ́? Láti 1867, wọ́n lè dá ẹni tó ní àrùn tó ń ràn tàbí àìsàn ọpọlọ dúró, àmọ́ dókítà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tó bá jáde ó léwu. Sẹ́ẹ̀lì ìjìyà náà, wákàtí 24 ló pọ̀ jù, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ iwájú adájọ́ ló kàn. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń ka rẹ́kọ́ọ̀dù wọ́kháòsì kan, ẹ wo aago tẹ́ni náà fún wọn ní nótíìsì, ẹ wo aago tí wọ́n jẹ́ kó lọ, kẹ́ ẹ wá wá ìwé dókítà. Tí wákàtí bá ti lé, tí ìwé ò sì sí, àhámọ́ tí kò bófin mu nìyẹn.