Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Mikáyà Dé Etí Aláṣẹ

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ìròyìn ogun ló gba etí wa kan lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tó wà lórí àga àṣẹ ni a ó sì gbé síwájú Olúwa. Nínú 1 Àwọn Ọba 22, Áhábù gba irinwó wòlíì ẹlẹ́nu dídùn gbọ́, ó sì ju Mikáyà, wòlíì tó sọ òótọ́ fún un, sẹ́wọ̀n.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ísírẹ́lì ní 1973. Àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ti gbà pé Íjíbítì kò ní jagun láìní bàálù tó ń ju bọ́ǹbù sọ́nà jíjìn àti mísáìlì Scud, àti pé Síríà kò ní dá jagun. Sadat, ààrẹ Íjíbítì, sì ti yí ète pa dà: kó ṣáà sọdá omi Suez, kó gba ilẹ̀ díẹ̀ lódìkejì, ó tó o.

Àmì ń wọlé léraléra. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, Ọba Hussein ti Jọ́dánì fúnra rẹ̀ wá kìlọ̀ fún Golda Meir, olórí ìjọba Ísírẹ́lì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọ̀dọ́ ológun Ísírẹ́lì kan, Benjamin Siman-Tov, kọ̀wé pé ìdánrawò tí Íjíbítì ń ṣe lè jẹ́ ìbòjú ogun. Ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kí ìwé náà gòkè. Àwọn ará Soviet, tó ń ti Íjíbítì àti Síríà lẹ́yìn, ń kó ẹbí wọn kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ísírẹ́lì rí àlàyé mìíràn fún un. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, Ísírẹ́lì ti dágìrì, ogun kò dé; ẹni tó ní kò sógun wá di ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ìròyìn kò wọ́n wọn rárá. Ohun tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ ló ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, lọ́jọ́ Ètùtù gan-an, ogun dé. Ẹni tó kú ní Ísírẹ́lì ju 2,500 lọ. Òkú Íjíbítì àti Síríà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ẹ̀mí tó ń sọ fún olórí pé ó ti mọ inú ọ̀tá tán, lé e jáde láàfin!

Olúwa, ìkìlọ̀ tí ọ̀gá kan jókòó lé, fà á yọ, kó dé ọwọ́ aláṣẹ kílẹ̀ tó ṣú.

Fún Mikáyà tó wà ní ọ́fíìsì kékeré ní ìgboyà. Má jẹ́ kébi pa ọmọ rẹ̀ nítorí òótọ́ tó sọ.

Olórí tó ń pe ìbẹ̀rù aládùúgbò ní ìkọlù, la ojú rẹ̀. Èyí tó ń pe ìmúra ìkọlù ní eré lásán, Baba, la ojú tirẹ̀ náà!

Irinwó ẹlẹ́nu dídùn tó yí àwọn olórí wa ká, tú wọn ká! Da ìmọ̀ràn wọn rú bí o ti da ti Áhítófẹ́lì rú!

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun láàárọ̀ yìí, níhìn-ín àti lódìkejì, má jẹ́ kó sin ín, Olúwa. Má jẹ́ kó sin ín.

Ọwọ́ tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ogun lónìí, dá a dúró! Jèhófà, dá a dúró! Ní orúkọ Jésù. Àmín.