Ẹsẹ̀ Ẹṣin Lásìkò Òjò: Ọ̀rọ̀ tí Mo Bá Àwọn Ẹlẹ́ṣin Ṣábẹ̀ẹ́ Sọ

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú ẹṣin, ẹ kú òjò o. Àwọn tí kò ráyè wá síbi ìjókòó wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Wọ́n mú ẹṣin pupa kan wá lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì funfun. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ìka bọ inú irun tó wà lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, lókè pátákò. Ojú kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìka mi ń kan èépá líle wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí wọ́n da gàrí sínú irun. Mo ṣí ẹyọ kan péré kí gbogbo wọn lè rí i. Ẹṣin náà já ẹsẹ̀ gbà. Irun jáde mọ́ èépá náà bí orí búrọ́ṣì, awọ abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, ó ń ṣomi.

Àrùn awọ ni èyí, ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Dermatophilus congolensis ló ń fà á. Ara màlúù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, ní Kóńgò, lọ́dún 1915, àwọn Fúlàní tó ń da màlúù lágbègbè wa sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Inú èépá gbígbẹ ló ń sùn sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí omi bá kàn án báyìí, yóò jí, yóò máa lúwẹ̀ẹ́ kiri lórí awọ. Awọ tó gbẹ tó sì dá ṣáká kì í gbà á wọlé. Èyí tí omi ti rọ̀, tàbí tí òkúta àti koríko ti họ, ni ó ń rí wọ̀. Ẹsẹ̀ funfun ló sì máa ń mú jù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má fi omi wẹ ẹsẹ̀ ẹṣin lálaalẹ́ kí ẹ wá fi í sílẹ̀ ní tútù. Mo mọ̀ pé ìmọ́tótó lẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ náà gbẹ, kí ẹ wá fi búrọ́ṣì gbọ̀n ọ́n kúrò. Ìyẹn sàn ju korobá omi mẹ́wàá lọ.

Bí ó bá ti mú un ńkọ́? Ẹ gé irun ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ se omi, kí ó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan àbọ̀ sí lítà kan. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ fi di ọrùn ẹsẹ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èépá tó bá rọ̀ yóò bá aṣọ lọ, èyí tó bá ṣì di awọ mú, ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má da èépá sílẹ̀ nínú ilé ẹṣin, ẹ sun ún. Ẹ wá nu ẹsẹ̀ náà títí yóò fi gbẹ táútáú. Aṣọ tí a fi nu ẹṣin kan, a kì í fi nu òmíràn. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú, nítorí ó lè ran ènìyàn.

Ìyá kan bi mí nípa òrí. Òrí dára, ṣùgbọ́n ara awọ tó gbẹ tí kò sì ní egbò ni àyè rẹ̀, kí ẹṣin tó wọ ẹrẹ̀, kí omi má baà ráyè. Èmi náà ti fi òrí bo egbò tútù mọ́lẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ẹsẹ̀ ẹran náà ti wú. Ó ṣì ń dùn mí. Oyin gidi lè wà lórí egbò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹ bá ní báńdéèjì tí ẹ ó fi bò ó lọ́wọ́ eṣinṣin. Epo dúdú tí wọ́n fà nínú íńjìnnì, kẹrosíìnì, omi bátìrì: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Wọ́n ń jó awọ ni.

Bí ẹṣin bá ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, tó ń fi eyín họ ọ́, kòkòrò tíntìntín mìíràn tó ń gbé inú irun ni kí ẹ fura sí, iyọ̀ kò sì ní pa á. Bí ẹsẹ̀ bá wú gòkè, tó gbóná, tí ẹṣin ń tiro, tàbí tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí àyípadà, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ bi í nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú, àrùn tó ń mú ẹran le gbagidi tí ẹnu rẹ̀ kò fi ní là mọ́. Egbò kékeré ló ń gbà wọlé, ó sì tètè ń pa ẹṣin.

Ẹni tó ni ẹṣin pupa náà pè mí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ti da yanrìn sí ibi tí ẹṣin ń dúró sí, irun sì ti ń hù padà. Èépá méjì ló kù ní ẹsẹ̀ òsì. Ó ní ṣé kí òun ṣí wọn. Mo ní kí ó rẹ aṣọ sínú omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.