Etí La Fi Ń Ka Àparò Djibouti

Wọ́n ní àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èyí tó gun orí ebè rèé! Ìbátan tímọ́tímọ́ ni òun àti àparò tó ń ṣa àgbàdo lóko wa, ṣùgbọ́n tiwa pọ̀, èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Lórí òkè Goda àti Mabla ní Djibouti, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nìkan ló wà ní gbogbo ayé.

Igbó igi júnípà nilé rẹ̀, igi náà sì ń gbẹ lórí ìdúró. Màlúù àti ewúrẹ́ ń jẹ àwọn ọ̀dọ́ igi kó tó dàgbà, àwọn èèyàn ń gé ìyókù dáná. Bí òjìji bá ti lọ, ibi ìsápamọ́ lọ nìyẹn. Ẹ ṣọgbà yí igbó náà ká kí ẹ tó gbin igi mìíràn!

Ó ku bí a ó ṣe ka iye rẹ̀. Ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á gbé awò awọ̀nàjíjìn, wọ́n á máa wá a kiri. Rárá o! Á ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó rí i. Etí ni. ETÍ! Ẹ dé ibi tí ẹ ó dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ìdájí ló ń ké jù. Ẹ kọ ìṣẹ́jú igbe kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kọ́ńpáàsì mọ ìhà tí igbe náà ti wá, kí ẹ kọ ọ́. Kí ẹnìkejì dúró sí ibòmíì, kí aago yín bára mu. Kí oníkálùkù fa ìlà lórí máàpù láti ibi tó dúró lọ sí ìhà tó ti gbọ́ igbe náà; ibi tí ìlà yín bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ẹyẹ wà.

Ẹ gbọ́ o: IGBE KAN KÌ Í ṢE ẸYẸ KAN! Àparò kan lè ké lórí àpáta yìí ní aago mẹ́fà, kó rìn, kó tún ké lórí tọ̀hún lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹ kà á ní méjì? Ẹ ti fi ẹyẹ tí kò sí kún èyí tó ṣẹ́kù. Igbe tó dún pa pọ̀ láti ìhà méjì nìkan ló dájú pé ẹyẹ méjì ni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún gbohùngbohùn! Ògiri àpáta á dá igbe padà bí ẹni pé àparò mìíràn ló fèsì. Èyí tó bá tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, tó sì rẹlẹ̀ jù ú lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má fi fóònù gbé igbe àparò sáfẹ́fẹ́ láti fi pè é rárá; bó bá ń sáré wá bá ọ̀tá tí kò sí jà, iye yín ti dàrú.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ibi kan náà, oṣù kan náà, wákàtí kan náà ni kí ẹ padà sí.