Súkúrù afẹ́fẹ́ ara kábúrétọ̀: bí alùpùpù àtijọ́ ṣe ń dúró sójú kan láì kú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Alùpùpù tó wà níwájú mi yìí ni Suzuki AX100, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà náà ṣe tí a mọ̀ sí Jincheng, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà fi jẹun kí Bajaj Boxer tó gba ìgboro. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí mo bá dẹwọ́ iná, ó ń kú lọ. Bí mo bá sì gbé sílóò sókè kí ó má baà kú, a máa pariwo bí ẹ̀rọ ata. Wọ́n ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kí ó lọ ra kábúrétọ̀ tuntun, ìyẹn ohun tó ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Súkúrù méjì ló wà lára kábúrétọ̀ yìí. Èyí tó tóbi ni ti sílóò, òun ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe sáré tó nígbà tí a kò bá fún un ní iná. Èyí tó kéré ni ti afẹ́fẹ́, òun ló ń pinnu bí afẹ́fẹ́ àti epo yóò ṣe dàpọ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ MÁ ṢE FI SÍLÓÒ BO ÀṢÌṢE AFẸ́FẸ́ MỌ́LẸ̀. Mo tún un wí: ẹ má ṣe fi sílóò bo àṣìṣe afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀!

Ẹ wo apá tí súkúrù kékeré yìí wà. Lára AX100, tí ó jẹ́ two-stroke (písítọ́ọ̀nù rẹ̀ ń rìn lẹ́ẹ̀mejì, sókè àti sílẹ̀, kí iná tó tún ràn), apá fíltà ló wà, nítorí náà afẹ́fẹ́ ló ń dí: bí ẹ bá yí i sínú, afẹ́fẹ́ yóò dín, epo yóò sì pọ̀, bí ẹ bá yí i síta, afẹ́fẹ́ ni yóò pọ̀. Bí tiyín bá wà ní apá ẹ́ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ four-stroke (tí písítọ́ọ̀nù rẹ̀ ń rìn lẹ́ẹ̀mẹrin), epo ló sábà máa ń dí: bí ẹ bá yí i sínú, epo ni yóò dín, bí ẹ bá yí i síta, epo ni yóò pọ̀.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣi í ṣe nìyí, mo sì ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ máa ń tún un ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù! Ẹ́ńjìnnì tútù a máa béèrè epo ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà ohun tó dára sí i ní òwúrọ̀ yóò di àpọ̀jù nígbà tí ẹ bá fi máa dé ìdajì ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ gùn ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì rí i dájú pé ṣóòkì, tó ń fi kún epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ti kúrò.

Ó yá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí súkúrù afẹ́fẹ́ sínú títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, PẸ̀LẸ́PẸ̀LẸ́. Ìka méjì ni kí ẹ fi di súkúdíráfà mú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo fún ọ̀kan pa pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì kán sínú ihò. Ọ̀gá mi kò bá mi wí, ó kàn gbé kábúrétọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni mo ni ín. Láti ìsàlẹ̀, ẹ yí i síta ní ẹ̀ẹ̀kan àtààbọ̀, kí ẹ tún ẹ́ńjìnnì tan, kí ẹ sì gbé sílóò sókè díẹ̀.

Ẹ rántí rédíò àtijọ́ tí a máa ń yí láti wá ilé iṣẹ́? Bàbá àgbà mi kì í dúró níbi tí ohùn bá ti kọ́kọ́ mọ́. Yóò mọ̀ọ́mọ̀ yí i kọjá títí yóò fi máa hó, lẹ́yìn náà ni yóò dá a padà sáàárín. Bí a ṣe ń ṣe èyí gan-an nìyẹn. Ẹ yí súkúrù síta ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ fetí sí i, kí ẹ sì tún máa ṣe bẹ́ẹ̀. Eré ẹ́ńjìnnì yóò gòkè, yóò sì tó àkókò tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ẹ dá a padà sí ibi tó ti sáré jù lọ, kí ẹ wá rẹ sílóò sílẹ̀.

Ẹ fún un ní iná lójijì. Bí ó bá rọ́ kí ó tó dìde, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ yí i sínú díẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí lára two-stroke. Bí epo bá ṣọ̀wọ́n jù, ooru yóò pọ̀, písítọ́ọ̀nù sì lè dì pa.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ kí ó tó dún dáadáa, ẹ má bínú sí súkúrù. Jẹ́ẹ̀tì sílóò, ihò kékeré tí epo ń gbà nígbà tí a kò bá fún un ní iná, ló dí, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa gba ibi gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọkanáísà fẹ́ jẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, nítorí ihò rẹ̀ yóò gbòòrò.

Tiwa yìí, ẹ gbọ́ bí ó ti ń dún báyìí: ẹ̀ẹ̀kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbà. Mo ti kọ ọ́ sára téèpù, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó.