Òjò ò ní dúró de kóòtù

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará mi, ṣé a jí dáadáa? Ká tó jáde, ẹ jẹ́ ká ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 26. Ísáákì dáko nílẹ̀ Gérárì, ọdún yẹn náà ló kórè ìlọ́po 100, làwọn Fílístínì bá ń jowú ẹ̀. Kànga táwọn ìránṣẹ́ bàbá ẹ̀ gbẹ́ sì rèé, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n rọ́ dí i. Ẹ wo èèyàn tó ń rọ́ yẹ̀pẹ̀ sómi tóun náà ì bá mu!

Bí ìjà ilẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn. Lọ́yà lè sún ẹjọ́ síwájú, àmọ́ oṣù ìgbìn ò ṣeé sún. Tí abúlé méjì bá ti gbéná wojú ara wọn, oko etí ààlà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sá fi sílẹ̀, koríko á bo ebè, irúgbìn tí wọ́n fi pa mọ́ ni wọ́n á sè jẹ, tójò mìíì bá wá dé ńkọ́, kí ni wọ́n fẹ́ gbìn? Ẹni tó ṣì ń ṣoko gan-an ò ní gbin igi eléso, torí kò mọ̀ bóyá òun ló máa ká a, kò sì ní jẹ́ kílẹ̀ sinmi kí wọ́n má bàa ní kò lẹ́ni tó ni ín, bílẹ̀ ṣe ń ṣá nìyẹn. Lọ́dún 2018 Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tiẹ̀ ṣe ìpinnu 2417 lórí bí ìjà ṣe ń fa ebi.

Ísáákì gbẹ́ kànga, àwọn darandaran Gérárì bá a jà sí i, ó pè é ní Ésékì. Ó gbẹ́ òmíì, wọ́n tún jà, ìyẹn ni Sítínà. Ẹ̀kẹta ni wọn ò bá a jà sí, Réhóbótì, àyè ti gbà wọ́n. Àwọn kan á ní ojo ni, èmi ò rò bẹ́ẹ̀ (mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni fi ilẹ̀ bàbá ẹ̀ sílẹ̀ fólè o), omi ló ń wá, kì í ṣe ẹjọ́. Àwọn tó lé e náà ló padà wá bá a dá májẹ̀mú, wọ́n sì jọ jẹun.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, àwọn àgbà tó mọ ibi tí ààlà wà tí wọ́n dákẹ́, ẹ là wọ́n lóhùn.

Ìyá tó sá kúrò lóko tòun tọmọ lẹ́yìn, ẹ dá a padà kójò ìgbìn tó rọ̀.

Ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ohun ìjà lé lọ́wọ́ lónìí, Olúwa, ọkọ́ ni kẹ́ ẹ fún un.

Lórúkọ Jésù. Àmín.