Jimoh Akolo, Ọmọ Yàgbà Tó Ya Ẹlẹ́ṣin

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá ní Àbújá, tí a tún kọ sílẹ̀ fún kíkà.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará ilé, bí a bá ní kí a dárúkọ ayàwòrán Yorùbá láwùjọ bí irú èyí, Aina Onabolu ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, Akinola Lasekan yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà a ó fò lọ sí Òṣogbo, a ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni Jimoh Akolo wà.

Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ni wọ́n bí i sí ní àárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lá àlá ìpínlẹ̀ Kogi, tí gbogbo ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìhà ibẹ̀, sì wà lábẹ́ ẹkùn Kàbà, tí Kàdúná ń ṣàkóso. Ààlà yìí ló pinnu ibi tí ọmọ náà yóò ti kàwé. Ọmọ Abẹ́òkúta tó mọ̀wé lè gba Ìbàdàn tàbí Èkó lọ, ṣùgbọ́n Government College, Keffi, ni ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ yìí gbà lọ, àní Keffi tí ẹ̀ ń fi ojoojúmọ́ bú nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mararaba. Ibẹ̀ ni Dennis Duerden, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ ọ ní àwòrán yíyà.

Láti Keffi ó kọjá sí Zaria, sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Ibẹ̀ ni Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ti dá Zaria Art Society, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán, sílẹ̀ ní 1958. Orúkọ Akolo wà nínú àtòjọ ẹgbẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn òpìtàn kan, kò sí lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ìhà méjèèjì sì ti fi iyàn náà gba oyè ọ̀mọ̀wé. Èmi kò bá wọn du ìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí a wò. Nígbà tí Okeke padà sí uli, ọnà tí àwọn Igbo ń yà sára àti sára ògiri, Akolo ya ohun tó ń kọjá níwájú rẹ̀: «Hausa Drummer» ní 1961, «Fulani Horsemen» ní 1962.

Àwọn kan wá ní kò sí nǹkan Yorùbá níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í gba àwòrán kan ní ti Yorùbá àfi bí Ṣàngó bá yọjú nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n: ta ló jókòó sórí ẹṣin lókè agọ̀ Ẹpa, ère tí eégún ń gbé lórí ní Èkìtì, tí kò jìnnà sí Yàgbà? Ṣé Fúlàní ni? Ní ilẹ̀ Yàgbà fúnra rẹ̀, ẹlẹ́ṣin kọjá ohun ọ̀ṣọ́, nítorí ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ló kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. N kò sọ pé èyí ni Akolo ní lọ́kàn nígbà tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ tó ń ya ẹlẹ́ṣin kò yá ìtàn ẹlòmíràn lò.

Alága ti ń wo aago. Ní kúkúrú, ó kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London, ó pàtẹ àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ ní Commonwealth Institute, ó lọ sí Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá kọ́ni ní Zaria.

Ibí ni olùkọ́ obìnrin kan láti Gwagwalada ti nawọ́: «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá mọṣẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí àwòrán rẹ̀ kò pọ̀ níta?»

Ohun tí mo fẹ́ fi parí ni mo pa tì láti dá màmá lóhùn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ni Akolo wọ̀, ó ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọdé ní àwòrán, iṣẹ́ yẹn sì ń jẹ àkókò ayàwòrán. Màmá ní ìdáhùn náà kò tó, pé olùkọ́ ni òun náà, òun ṣì ń ránṣọ ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n bá mi wá àwọn tó kọ́ ní Zaria tí wọ́n ń gbé Àbújá yìí, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwòrán rẹ̀ kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn, tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ẹni méjì ti gba nọ́ńbà mi kí a tó dìde.