"Pass the buck": kì í ṣe owó o!

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹnì kan fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ó dáa. Ohun tó kọ rèé: "The policeman asked me to pass the buck." Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ gan-an. Ó ní ọlọ́pàá ló ní kí òun mówó wá.

Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, rárá! Àṣìṣe yìí ti pọ̀ jù, ó sì ń dùn mí, torí pé ọ̀rọ̀ tó nítàn ni, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ kan tó bá a mu bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹ ó gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé owó kúrò lọ́nà. Òótọ́ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe dọ́là kan ní buck. Awọ ẹran ló fà á. Buck ni akọ àgbọ̀nrín, láàárín ọdún 1700 sí 1800, awọ rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò àti àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà. Ìyẹn gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Buck tó wà nínú pass the buck gba ọ̀nà mìíràn wá. Mo tún un sọ: BUCK YÌÍ KÌ Í ṢE OWÓ!

Ìdí káàdì ló ti wá. Lẹ́yìn ọdún 1800, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ta káàdì poker máa ń jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ló ń pín káàdì, pípín náà sì gbọ́dọ̀ kárí, torí ẹni tí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe màgòmágó. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó kàn? Wọ́n á gbé nǹkan kan síwájú rẹ̀. Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọ̀bẹ ni, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ìwo àgbọ̀nrín ṣe èèkù rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ buck ti wá. Bí ọ̀bẹ yẹn bá ti wà níwájú rẹ, ìwọ lo máa pín. O ò fẹ́ pín? Wàá ti ọ̀bẹ náà síwájú ẹni tó jókòó tẹ̀ lé ọ. O ti pass the buck nìyẹn.

Ẹ fojú inú wo ọ̀bẹ yẹn bó ṣe ń yọ̀ lórí tábìlì. Owó ò kúrò lápò ẹnikẹ́ni. Káàdì ò tíì dọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ẹni tó kàn.

Ẹni tó kàn! Ẹ sún mọ́bí, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nídìí ẹ̀rọ omi, tí korobá bá tò lọ bẹẹrẹ, kí la máa ń bèèrè? "Ta ló kàn?" Ta ló tó àsìkò rẹ̀ láti pọn. Ṣùgbọ́n tí òrùlé bá ń jò, tí ẹnì kan jókòó, tó káwọ́ gbera, a ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn ọ́ ni?" Ìyẹn ni pé, ṣé kì í ṣe ojúṣe tìrẹ náà ni. Kàn ti ẹnu ẹ̀rọ, kàn ti òrùlé, ọ̀rọ̀ kan náà! Àsìkò mi tó, ó kàn mí. Ojúṣe mi ni, ó kàn mí. Ọ̀nà tí buck rìn kúrò nídìí káàdì dé ọ́fíìsì náà gan-an nìyẹn. Àmì ẹni tó kàn láti pín ni tẹ́lẹ̀, ó wá di ojúṣe tó kan èèyàn. Ọjọ́ tí èyí yé mi, n kò sùn bọ̀rọ̀, inú mi dùn jù.

Nítorí náà, kí ni pass the buck? Kí ọ̀rọ̀ kàn ọ́, kí o wá gbé e kan ẹlòmíràn. Ó tán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró, torí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú ni a dé yìí. Àwọn tó ti mọ̀ pé kì í ṣe owó náà ń ṣubú níbí. Wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé "kì í ṣe èmi" ti pass the buck. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó GBỌ́DỌ̀ KỌ́KỌ́ KÀN Ọ́!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́jọ́ kan, mo gba ìwé kan ní ọ́fíìsì kan, lẹ́tà kan ti fò nínú orúkọ mi. Mo padà lọ. Ọkùnrin tó wà ní fèrèsé àkọ́kọ́ wo ìwé náà, ó fi ìka ti í padà sí mi lábẹ́ gíláàsì, ó ní, "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ẹ lọ bá wọn ní fèrèsé kejì." Mo dé ibẹ̀. Onífèrèsé kejì yí ìwé náà sódì, ó fi bírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi kọ́ o. Òǹtẹ̀ nìkan ni mò ń lù. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló máa tún un ṣe." Orúkọ ta ni mo rí níbẹ̀? Orúkọ ọkùnrin fèrèsé àkọ́kọ́, tó wà lára káàdì ọrùn rẹ̀ gbàgàdà.

Ó yá, ẹ dá mi lóhùn. Àwọn méjèèjì ló sọ pé àwọn kọ́. Ta ló pass the buck? Ẹni àkọ́kọ́ nìkan! Òun ló kàn, ó sì gbé e kan kọ̀ǹpútà, ó tún gbé e kan fèrèsé kejì. Onífèrèsé kejì sọ òótọ́ ni, kò sí buck níwájú rẹ̀ tó fẹ́ tì. Ẹ má ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí kọ̀ǹpútà yẹn náà. Kì í ṣe èèyàn nìkan ni wọ́n ń gbé e kàn. Wọ́n ń gbé e kan òjò, wọ́n ń gbé e kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó bá jí nǹkan, tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó ní "iṣẹ́ Èṣù ni," pass the buck ni.

Rírán èèyàn níṣẹ́ ńkọ́? Ìyẹn kọ́! Ọ̀gá tó ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà kò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó ránni ló niṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí lẹ́tà bá dàrú, tí àwọn tó ju ọ̀gá lọ wá bèèrè, tí ọ̀gá ní "ẹ bi akọ̀wé mi"? Áà, ó ti ti ọ̀bẹ yẹn.

Lílò rẹ̀ ò le. Pass THE buck ni, kì í ṣe "a buck", kì í ṣe "bucks". "They passed the buck to the driver": to ló ń tọ́ka sí ẹni tí wọ́n gbé e kàn. "Stop passing the buck." Ìwà náà fúnra rẹ̀ ni buck-passing. Ẹ sì rántí pé ẹ̀sùn ni o! Ẹ má sọ ọ́ sí ọ̀gá yín bí ẹni ń ṣeré.

Ó kù ẹnì kejì rẹ̀: "The buck stops here." Harry Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1945 sí 1953, fẹ́ràn poker gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Fred Canfil, rí pátákó kékeré kan tó ní ọ̀rọ̀ yìí lára ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní El Reno, ní Oklahoma. Ó ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ààrẹ, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún 1945. Gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bí ínṣì 13 lọ. Truman gbé e ka orí tábìlì rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí àga mọ́ lẹ́yìn tèmi, kò sí ẹni tí mo fẹ́ tì í sí. Nígbà tó ń dágbére fún àwọn ará ìlú ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1953, ó tún sọ ọ́ pé ààrẹ, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, òun ló gbọ́dọ̀ pinnu, kò lè pass the buck sí ẹnikẹ́ni.

Ìwé mi ńkọ́? Mo ṣì dúró láàárín fèrèsé méjèèjì nígbà tí obìnrin kan tó jókòó ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún dìde. Kò bèèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó fa àga kan jáde fún mi. Ó ní, "Ẹ jókòó. Abẹ́ mi ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ló kàn."

Ẹ bá mi kọ ohun tí obìnrin yẹn sọ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fídíò yìí.